Bí Mo Ṣe Ra MGB Ọdún 1972, àti Ohun Tí Ìpáàrà Abẹ́ Ilẹ̀kùn Rẹ̀ Ná Mi

Owó tí mo san fún àtúnṣe ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀ yìí nìkan ju owó tí mo fi ra odindi ọkọ̀ náà lọ, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń kọ ìrírí mi sílẹ̀. Ọkọ̀ náà wù mí, ó ń rìn dáadáa, bí wọ́n bá sì tún gbé e wá síwájú mi lónìí, òun náà ni n ó yàn. Ẹni tí inú ń bí mi sí ni ẹni tó tún un ṣe kí ó tó dé ọwọ́ mi, nítorí pé iṣẹ́ tó ṣe kò yàtọ̀ sí kí ènìyàn fi aṣọ funfun di egbò tó ń kẹ̀: ó fi páànù tuntun bo irin tó ti jẹrà, ó kùn ún lọ́dà, ó sì fi gbèsè rẹ̀ sílẹ̀ de ẹni tí yóò rà á.

MGB ni ọkọ̀ náà, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ṣe fún eré sísá, ti ọdún 1972. Ilé-iṣẹ́ MG ṣe irú rẹ̀ ní ìlú Abingdon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1962 títí di ọdún 1980, iye tó sì jáde lé ní 500,000, èyí tó jẹ́ kí ẹ̀yà ara rẹ̀ rọrùn láti rí títí di òní. Ohun tó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ rà á mọ̀ kí ó tó wo ohunkóhun mìíràn ni pé kò ní ṣáàsì lọ́tọ̀. Triumph TR6, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn tí wọ́n jọ wà lọ́jà lásìkò kan náà, ní ṣáàsì tí wọ́n gbé bódì lé lórí, ṣùgbọ́n ní ti MGB, bódì náà ni ṣáàsì. Àwọn àpótí irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún àti lósì, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní sill, ló di iwájú ọkọ̀ mú mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, àti pé nínú èyí tí kò ní òrùlé irin bíi tèmi, kò sí nǹkan kan lókè tó lè bá wọn pín nínú ẹrù náà. Bí ìpáàrà bá wọ ibẹ̀, kì í ṣe ẹwà ọkọ̀ ló ń bàjẹ́, agbára tó fi dúró ni.

Ọkọ̀ méjì ni mo fi wéra kí n tó rà. Ẹni tó ni àkọ́kọ́ ti yọ ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin tó bá a wá, ó sì ti fi V8 (ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ) ti Rover onílítà 3.5 rọ́pò rẹ̀. Irú ẹ́ńjìnnì yẹn ni MG fúnra rẹ̀ fi sínú MGB GT V8 láàárín ọdún 1973 sí 1976, agbára ẹṣin (horsepower) 137 ni wọ́n sì kọ fún un nígbà náà. Nítorí pé alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é, kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo ju ẹ́ńjìnnì onírin ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣe irú pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí olówó rẹ̀ tanná sí i, ìró rẹ̀ dùn mọ́ mi létí débi pé owó ti fẹ́ jáde lápò mi. Ṣùgbọ́n mo ní kí ó jẹ́ kí n fi jáàkì gbé e níbi tí ilé-iṣẹ́ ṣe sábẹ́ sill fún jáàkì. Dípò kí ọkọ̀ gbéra, irin ló ń rún wọlé, ìpáàrà ń já bọ́ sílẹ̀, ilẹ̀kùn tí mo ṣí tẹ́lẹ̀ kò sì ṣeé tì mọ́. Ẹ́ńjìnnì alágbára nínú irú bódì bẹ́ẹ̀ ewu ni, nítorí pé bí agbára tó ń lọ sí táyà ẹ̀yìn ṣe ń pọ̀ sí i ni ó ṣe ń lọ́ bódì náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ olówó rẹ̀, mo sì kúrò níbẹ̀.

Èkejì ni mo rà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni ti ìbẹ̀rẹ̀, oní 1798 cc, tó ní kábúrẹ́tọ̀ SU méjì, agbára ẹṣin 95 sì ni ìwé ilé-iṣẹ́ kọ fún irú rẹ̀. Kò tilẹ̀ sún mọ́ 95 lọ́jọ́ tí mo rí i. Mo fi géèjì wọn ìfúnpá inú sílíńdà kọ̀ọ̀kan: mẹ́ta nínú wọn wà ní nǹkan bí 160 psi, ẹyọ kan sì wà ní 115, èyí tó fi hàn pé fáàfù kan kò pa dé mọ́. Èyí kò dẹ́rù bà mí. Ẹ́ńjìnnì ohun tí a ń tú ni, nọ́ọ̀tì ló dì í mú, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ṣeé rà ní tuntun. Ohun tí mo gbájú mọ́ ni irin. Mo gbé òòfà kiri ara bódì láti mọ ibi tí wọ́n ti fi fílà (ohun tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀) dípò irin, mo fi òòlù kékeré lu sill láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, mo ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, mo sì fi tọ́ọ̀ṣì wo ilẹ̀ ọkọ̀. Òòfà lẹ̀ mọ́ ọn, irin náà dún ketekete, jáàkì gbé e láìsí ariwo. Kìkì ohun kan ni mo kíyè sí: ààlà òkè ilẹ̀kùn òsì fún díẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Olùtà ní hínjì ilẹ̀kùn ló ti jẹ, lóòótọ́ sì ni hínjì MGB máa ń jẹ.

Ó yẹ kí n yà bàrá díẹ̀ sórí iye agbára ẹṣin tí àwọn olùtà máa ń kà jáde. Ní Amẹ́ríkà, títí di nǹkan bí ọdún 1971, wọ́n máa ń gbé ẹ́ńjìnnì sórí ìdúró kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, láìsí fáànù, láìsí sàlẹ́ńsà tí ọkọ̀ náà ń lò lójú títì, iye ńlá tó bá sì jáde ni wọ́n ń kọ sínú ìwé ìpolówó. Láti ọdún 1972 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n pẹ̀lú gbogbo ohun tó ń jẹ nínú agbára rẹ̀, iye náà sì wálẹ̀ lójijì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Ọ̀tọ̀ ni èyí tí agbára rẹ̀ dín kù ní tòótọ́: àwọn MGB tí wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà láti ọdún 1975 ní kábúrẹ́tọ̀ kan ṣoṣo, agbára wọn kò sì ju díẹ̀ lé ní 60 lọ. Ẹni tó bá ń fi iye wé iye gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà, ibi tí wọ́n kó o lọ, àti bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n.

Sísan owó, ìwé ọkọ̀ àti gbígbé e délé kò mú wàhálà wá. Ìgbà tí mo rí i pé ọ̀dà wú díẹ̀ nísàlẹ̀ fẹ́ńdà iwájú òsì ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi mú fẹ́ńdà iwájú MGB, nítorí náà mo tú u. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹrẹ̀ máa ń kó jọ sí, ní ibi tí táyà ń ta omi sí, ó sì máa ń wà ní tútù níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo fi ọwọ́ kó ẹrẹ̀ náà kúrò, irin sì bá a jáde. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí sill náà ṣe rí, kí ohun tí ẹni yẹn ṣe lè yé òǹkàwé. Kì í ṣe páànù kan ṣoṣo. Páànù ìta tí a ń fojú rí wà, ti inú wà, irin kan tó dúró gbọnrangandan wà láàárín wọn, irin mìíràn sì wà nísàlẹ̀ tó gbé gbogbo wọn. Páànù ìta kò parí sí etí ilẹ̀kùn: ó gba ẹ̀yìn fẹ́ńdà iwájú kọjá, ó sì tún wọ abẹ́ fẹ́ńdà ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n jó mọ́ bódì. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ bó ti yẹ gbọ́dọ̀ tú fẹ́ńdà iwájú, kí ó sì gé ìsàlẹ̀ ti ẹ̀yìn. Ẹni tó ṣe tèmi kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ó gé páànù tuntun ní ìwọ̀n ibi tí ojú ń rí nìkan, ó jó o lé ti àtijọ́ lórí, ó sì fi ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ nínú ìpáàrà. Ìdí nìyẹn tí òòfà fi lẹ̀ mọ́ ọn, tí òòlù sì dún dáadáa: irin tuntun ni mo ń lù, òkú ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Irin àárín ti di ìyẹ̀fun pupa. Àlàfo tó wà láàárín páànù méjì tí a lẹ̀ pọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń mu omi, kì í sì í tètè gbẹ, ìpáàrà sì máa ń gba àyè ju irin tó ti jẹ lọ, ó fi jẹ́ pé ó ń wú, ó sì ń ti àwọn páànù kúrò lára wọn láti inú.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan tó mọ irú ọkọ̀ yìí, mo sì rò pé gígé àti jíjó ni iṣẹ́ náà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì sọ fún mi pé òun kò tíì ní gé irin tó jẹrà náà, nítorí pé hínjì ilẹ̀kùn kò jẹ rárá. Bódì ló ti tẹ̀. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti gbé ọkọ̀ sókè láìfi ohunkóhun ti àárín rẹ̀, àárín náà wálẹ̀, ó sì jó páànù tuntun mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Ó ti jó ìtẹ̀ náà mọ́ ara ọkọ̀. Bí a bá gé irin tó jẹrà tí a sì fi tuntun sí i lójú ẹsẹ̀, a ó kàn tún ìtẹ̀ kan náà jó ni.

Ibí yìí ni ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ wọlé sí. A yọ ilẹ̀kùn, wẹ́dà jó ọ̀pá irin mọ́ ojú ìloro ilẹ̀kùn láti òpó iwájú dé òpó ẹ̀yìn, ó fi nọ́ọ̀tì gígùn sáàárín ọ̀pá náà kí a lè máa fún un díẹ̀díẹ̀, ó sì fi ìdúró ti abẹ́ ọkọ̀ níbi tí àwọn sípíríǹgì ti ń gbé e. Ó gé ojú jíjó àtijọ́ níwọ̀nba, a fún nọ́ọ̀tì, a wọn igun sí igun, a so ilẹ̀kùn padà, a tì í, a wo ààlà, a tún tú ilẹ̀kùn kúrò. Nígbà mìíràn òkè yóò bá ara mu, ìsàlẹ̀ yóò sì yà. Ọkọ̀ tí mo ti san owó rẹ̀ tán dúró lórí ìdúró, owó iṣẹ́ ń gun orí ara wọn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kò sì sí páànù tuntun kan tó tíì dé ara rẹ̀. Inú bí mi gidigidi lásìkò náà, kì í ṣe sí wẹ́dà, ẹni tí sùúrù rẹ̀ yà mí lẹ́nu, bí kò ṣe sí ẹni tí a ń tú iṣẹ́ rẹ̀ ká. Mo tilẹ̀ ronú láti ra bódì tuntun: láti ọdún 1988 ni British Motor Heritage, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀yà ara ọkọ̀ àtijọ́, ti ń ṣe bódì MGB tuntun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra bódì tuntun yóò kó gbogbo ohun tó wà nínú ti àtijọ́ sínú rẹ̀, láti wáyà iná títí dé bíréékì, yóò sì tún kun gbogbo rẹ̀ lọ́dà. Ọ̀tún ọkọ̀ mi dára, ilẹ̀ rẹ̀ dára. A ń bá iṣẹ́ náà lọ.

Nígbà tí ilẹ̀kùn wá pa dé láìfi ipá tì í, jíjó àwọn páànù tuntun kò pẹ́ mọ́. Mo dúró tì í, mo sì ya fọ́tò ìpele kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó bò ó.

Ẹ́ńjìnnì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní kí n bẹ̀rù kò gba ìdámẹ́wàá owó tí mo ná sórí bódì. Fáàfù kan tí èéfín ń gbà jáde ló ti jóná. A pààrọ̀ rẹ̀, a sì fi ìjókòó fáàfù líle sí i, nítorí pé wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì yìí nígbà tí òjé ṣì wà nínú epo bẹntiróòlù tó sì ń dáàbò bo ibẹ̀. A tún kábúrẹ́tọ̀ méjèèjì dọ́gba. Ọkọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ sún mọ́ tọ́ọ̀nù kan kò nílò agbára púpọ̀ kí ó tó dùn ún wà: ó ń gba kọ́nà láìmì, ó ń dáhùn kíá nígbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́, bí mo bá sì gba inú kòtò kọjá, ilẹ̀kùn kì í hó mọ́. Mo ń fi iṣẹ́ náà yangàn, mo sì máa ń ṣí ilẹ̀kùn òsì fún ẹni tó bá béèrè kí ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ààlà ilẹ̀kùn tó fún kọjá láìgbé ilẹ̀kùn náà sókè sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́: bí hínjì kò bá mì, bódì ni. Ẹ fi ìka tọ́ etí irin tó yọ sísàlẹ̀ lábẹ́ sill; bí ó bá nípọn ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, ẹnì kan ti lẹ páànù mọ́ páànù. Kámẹ́rà tín-ín-rín tí a ń kì bọ ihò kò wọ́n, ó sì lè gba ihò tí omi ń gbà jáde wọ inú sill. Bí olùtà bá ní wọ́n ti pààrọ̀ sill, ẹ ní kí ó fi fọ́tò inú rẹ̀ hàn yín, nígbà tí fẹ́ńdà wà nílẹ̀. Bí kò bá ní in, ẹ ka owó sill tuntun mọ́ iye tí ẹ fẹ́ san, kí ẹ tó béèrè agbára ẹṣin. Àwọn fọ́tò tèmi wà nínú fáìlì ọkọ̀ náà pẹ̀lú rìsíìtì gbogbo páànù, mo sì ti fọ́n epo ìda sínú sill méjèèjì láti inú ihò tí omi ń gbà jáde lára wọn, èyí tí mo máa ń yẹ̀ wò kí ẹrẹ̀ má bàa dí i.