Ta ló ti Macbeth? Bí a ṣe ń kọ àròkọ lórí ohun tó sún akọni dẹ́ṣẹ̀

Tí ìbéèrè bá ní kí ẹ ṣàlàyé ohun tó sún Macbeth, ọ̀gágun nínú eré Shakespeare tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, dé ìdí ìpànìyàn, ẹ má kàn kọ "àwọn àjẹ́ àti ìyàwó rẹ̀" kí ẹ sì jókòó. Ó yẹ kí ẹ sọ bí ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe wọ ọ̀ràn náà tó, àti ìgbà tí ọwọ́ náà kúrò níbẹ̀.

Ẹ fa ìlà sáàárín ìwé kan. Lápá òsì, ẹ kọ ohun tí ẹlòmíì sọ tàbí tó ṣe. Lápá ọ̀tún, ohun tí Macbeth fẹnu ara rẹ̀ sọ kété lẹ́yìn náà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Apá 1, Ìran 3 (Act 1, Scene 3). Àwọn àjẹ́ mẹ́ta kí i: olóyè Glamis, olóyè Cawdor, ẹni tí yóò jọba. Kò síbi tí wọ́n ti ní kó pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ìròyìn oyè Cawdor ṣe dé, ìpànìyàn lọkàn rẹ̀ sáré lọ bá, débi tí irun orí rẹ̀ fi dìde. Bíkú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Banquo, ọ̀gágun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, náà wà níbẹ̀. Àwọn àjẹ́ sọ fún un pé àtọmọdọ́mọ rẹ̀ yóò jọba, kò sì tìtorí ẹ̀ yọ ọ̀bẹ sí ọba. Òun ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n, torí ohun téèyàn méjì jọ gbọ́ kò tó láti ṣàlàyé ohun tí ẹnì kan ṣoṣo ṣe.

Ní Ìran 4, Duncan ọba kéde Malcolm ọmọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àrólé. Kò ní ibi kankan lọ́kàn, àmọ́ ó dínà mọ́ Macbeth. Ẹ má fo èyí.

Ìran 7 ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ. Macbeth ti ro ọ̀rọ̀ pípa Duncan wò: ìbátan ọba ni, ọmọ abẹ́ rẹ̀ ni, òun náà ló sì gbà á lálejò. Ó wí fún ìyàwó rẹ̀ pé àwọn ò ṣe mọ́. Ìyẹn wá pè é ní ojo, ó ní ìfẹ́ rẹ̀ ò dúró sójú kan, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tó bani lẹ́rù, pé ká ní òun ti búra bíi tirẹ̀, òun ì bá já ọmú lẹ́nu ọmọ ọwọ́ òun, kí òun sì fọ́ ọ lórí. Ẹ wá wo èsì ọkọ: "Tá a bá kùnà ńkọ́?" Kò béèrè bóyá ó dáa mọ́, bóyá yóò yọrí ló kù. Ìyàwó ní àwọn máa fi ọtí dá ẹ̀ṣọ́ ọba méjèèjì dùbúlẹ̀. Macbeth fúnra rẹ̀ ló fi kún un pé kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ kun àwọn ẹ̀ṣọ́ náà, kí wọ́n sì lo ọ̀bẹ wọn. Ẹni tí wọ́n ń tì ti ń sáré níwájú.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí ẹ dá obìnrin náà lẹ́bi pátápátá. Ẹ rántí pé lẹ́tà Macbeth ló fi gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn àjẹ́ ní Ìran 5. Òmíràn ni kí ẹ pe gbogbo rẹ̀ ní kádàrá.

Ní Apá 3, ó pète ikú Banquo láìjẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Ní Apá 4, òun ló wá àwọn àjẹ́ lọ. Wọ́n ní kó ṣọ́ra fún Macduff, ìjòyè kan, ó sì rán àwọn apànìyàn lọ pa ìyàwó àti àwọn ọmọ Macduff. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ibi tí apá òsì ìwé yín ti ṣófo yìí ni kí ẹ fi ìpínrọ̀ tó gùn jù sí.