Rédíò màmá mi tó ń da apá ìwàásù rú

Màmá mi ní rédíò kékeré kan tó ń lo mẹ́mórì káàdì. Mo kó ìwàásù alápá 12 sí i fún wọn, àmọ́ apá 12 ló kọ́kọ́ dún, apá 4 tẹ̀ lé e. Wọ́n ní, "Pásítọ̀ wo ló ń ti 'Àmín' bẹ̀rẹ̀ ìwàásù?"

Mo yí orúkọ àwọn fáìlì náà sí 01, 02, títí dé 12. Pàbó. Mo pa rédíò, mo tún un tàn. Bákan náà ni.

Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ irú rédíò olówó pọ́ọ́kú yìí kì í wo orúkọ rárá. Fáìlì tó bá kọ́kọ́ wọnú káàdì ló máa kọ́kọ́ kà. Èmi sì ti da gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo kó ohun tó wà nínú káàdì 8GB náà sórí kọ̀ǹpútà, torí fọ́máàtì, ìyẹn títún káàdì tò láti ìbẹ̀rẹ̀, máa ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ ni. Mo fọ́máàtì rẹ̀ sí FAT32, ìyẹn ọ̀nà ìtò fáìlì kan tí irú rédíò bẹ́ẹ̀ máa ń lè kà, mo wá ń dá wọn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: 01 á wọlé tán kí n tó fi 02 sí i. Ó súni díẹ̀ o, àmọ́ apá 1 ló kọ́kọ́ dún.

Bí tiyín bá ní ojú ibi tí wọ́n ti ń yan bí orin ṣe máa tò, ẹ kọ́kọ́ wo ibẹ̀. Bọ́tìnì mẹ́rin péré ni tiwa ní.