Níní káàdì HMO kò ní kí o kọ ètò ìlera ìjọba sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló gbà pé bí káàdì HMO (ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ń bójú tó adójútòfò ìlera) bá ti wà lọ́wọ́ wọn, adójútòfò ìlera ti ìjọba kò kàn wọ́n mọ́, àwọn tálákà ló wà fún. Kò sí àṣìṣe tó burú tó èyí. Òfin NHIA (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí adójútòfò ìlera) tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà. Kò ní ká má ra ti aládàáni, àmọ́ àfikún lórí ètò ìjọba ló fẹ́ kó jẹ́. L'Ékòó, Ìlera Èkó ni ètò ọ̀hún ń jẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 owó ìtọ́jú ló ń ti àpò aláìsàn fúnra rẹ̀ jáde. Ohun tó lè yí i padà ni kí ẹni tí ara rẹ̀ dá, tó sì rí owó san, wà nínú àpò kan náà pẹ̀lú aboyún tó nílò iṣẹ́ abẹ. Bí àwọn tí ara wọn dá bá jáde, ó di ẹgbẹ́ èsúsú tí àwọn tó ń dá owó ti yọwọ́, tó ku kìkì àwọn tó fẹ́ kó. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kéèyàn dúró dìgbà tí àìsàn bá dé kó tó forúkọ sílẹ̀.

Má sì gbàgbé pé ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ ni HMO tí ilé-iṣẹ́ ń san máa ń bọ́ lọ́pọ̀ ìgbà.

Àwọn òbí wa ńkọ́? Ètò òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kò kọjá ọkọ tàbí aya àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Bí ìyá rẹ bá ń gbé Ìbàdàn, má forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ l'Ékòó. Ètò ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni kó wọ̀. Mú ilé ìwòsàn tó wà nítòsí rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ gba ìtọ́jú. Bí kì í bá ṣe pàjáwìrì, kó má kọjá tààrà sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Ìbàdàn, láìgba ìwé tó fi í ránṣẹ́ síbẹ̀ àti kóòdù àṣẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò san owó náà.