Bí Mo Ṣe Fi Ọwọ́ Ara Mi Ya Pílánù Ilé Wa ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ọdún kẹta tí a ra ilẹ̀ wa lójú ọ̀nà Ìlọrin àtijọ́ ni Bàbá Tólú sọ fún mi pé owó búlọ́ọ̀kù ti ń pé bọ̀, kí á wá pílánù. Ọ̀rẹ́ wọn kan ti kọ́lé sí apá ibòmíràn nínú ìlú, ó sì ní kí á wá gba pílánù tòun, kí á lò ó bó ṣe wà. Mo lọ wo ilé náà. Ilé tó rẹwà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó sí pálọ̀ wọn ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òógùn bò mí, bẹ́ẹ̀ fáànù ń yí. Wíńdò ńlá méjèèjì ló dojú kọ ìwọ̀ oòrùn. Ilé ìdáná wọn há débi pé ìta gbangba ni ìyàwó ilé ti ń ro ọkà, òjò ń pa á lórí. Ó dùn mí. Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété ni wọ́n kọ́ ilé yẹn sí o, ìlú tí oríkì rẹ̀ ní à ń jẹ ọkà kí á tó mu ẹ̀kọ yangan!

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya tiwa fúnra mi. Bí kò bá dáa, ẹ fi dáná.” Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ìwé gíráàfù kì í sì í wọ́n nínú báàgì mi.

Mi ò kọ́kọ́ fa ilà kankan. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi kọ bí a ṣe ń gbé sílẹ̀: ta ló ń kọ́kọ́ jí, ta ló ń dúró de ta lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ibo ni àpò èlùbọ́ ń jókòó sí, ibo ni àwọn ọmọ ń bọ́ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ sí. Ìwé yẹn là mí lójú. Mo rí i pé Màmá, ìyá ọkọ mi, ń dìde lẹ́ẹ̀mẹta lóru lọ tọ̀, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Mo rí i pé àwọn tó bá mọ̀ wá dáadáa kì í gba iwájú wọlé, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń bá wa. Àwa mẹ́fà tí a wà nínú ilé kì í sì í pé sí pálọ̀ àfi lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ohun kejì tí mo ṣe ni pé mo gbé téèpù lọ sí agbo ilé àwọn ọkọ mi láàárín ìlú. Ilé alámọ̀ ni, ògiri rẹ̀ nípọn, inú rẹ̀ sì tutù lọ́sàn-án gangan. Àgbàlá wà láàárín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká, kò sì sí ẹni tó jókòó sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn tí kò rí ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Mo wọn ìbú rẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà 7. Màmá ní ibẹ̀ ni àwọn ti tọ́ ọmọ márààrún. Mo fẹ́ irú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Ilẹ̀ wa kò gba àgbàlá, ṣùgbọ́n mo lè gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ sẹ́yìn ilé, kí n fún un ní ẹsẹ̀ bàtà 8.

Ilẹ̀ wa fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 50, ó gùn ní 100, títì sì wà ní ìwọ̀ oòrùn rẹ̀. Wọ́n ní kí a fi 20 sílẹ̀ níwájú, kí a fi mẹ́wàá-mẹ́wàá sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. (Kí oníkálùkù lọ bèèrè ti àdúgbò tirẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń mójú tó ètò ìlú o, kó má wo tèmi.) Ìbú ilé kò lè ju 30 lọ nìyẹn. Mo wá rí i pé àǹfààní ni èyí jẹ́ fún wa, torí ilé yóò gùn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, ògiri gígùn méjèèjì yóò sì kọjú sí àríwá àti gúúsù. Ní ìlú tiwa, oòrùn ń gba òkè orí kọjá lọ́sàn-án, nítorí náà etí páànù tó bá yọ síta dáadáa ti tó láti ṣíji bo ògiri méjèèjì yẹn. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ni kò ṣeé fi páànù dí. Ńṣe ló ń rọlẹ̀ tààrà wọnú wíńdò. Mo bá fi fàráńdà sí iwájú, mo dín wíńdò tó kọjú sí títì kù sí kékeré méjì, mo sì gbé àwọn wíńdò ńlá sí àríwá àti gúúsù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn wà ní ìlà oòrùn, nítorí náà òjìji ilé fúnra rẹ̀ ni yóò máa bò ó ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo wa bá fẹ́ jókòó síta. Mo fi ààrò igi sí igun rẹ̀ lápá àríwá. Láti gúúsù-ìwọ̀ oòrùn ni atẹ́gùn ìgbà òjò ti ń fẹ́, yóò máa gbé èéfín jáde. Nígbà ọyẹ́ nìkan ni atẹ́gùn ń yí padà tó ń wá láti àríwá-ìlà oòrùn pẹ̀lú eruku. Ní oṣù wọ̀nyẹn a óò máa ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Àpótí kékeré kan lórí gíráàfù dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Mo fún yàrá apá àríwá ní 13, ọ̀nà àárín ilé ní 4, yàrá apá gúúsù ní 13. Ó pé 30 géérégé. Inú mi dùn, mo gbé e fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ nípa ilé yíyà ní yunifásítì LAUTECH. Ó wò ó, ó ní, “Ẹ̀yin Àǹtí, ògiri dà?”

Ilà pẹ́ńsù ni mo fi ṣe ògiri! Búlọ́ọ̀kù oní-ínǹṣì 9 kì í ṣe ilà pẹ́ńsù. Bí èèyàn bá ti àríwá rìn dé gúúsù nínú ilé yìí, ògiri mẹ́rin ni yóò kọjá: ìta méjì, inú méjì. Mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́rin jẹ́ ínǹṣì 36, ẹsẹ̀ bàtà 3 ti lọ sínú búlọ́ọ̀kù, pọ́lásítà kò tíì sí níbẹ̀. 27 ló kù fún wa láti gbé. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, síbẹ̀ ọkàn mi kò lọ síbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí. Èmi fẹ́ pín in sí 12, 3, 12, ọmọ náà ní kí n dúró sáàárín ògiri méjì tó fi ẹsẹ̀ bàtà 3 jìnnà síra, kí òun àti Tólú gbé bẹ́ẹ̀dì kọjá. A dán an wò ní ilé tí a ń gbé. Bẹ́ẹ̀dì há. Bí a ṣe fẹnu kò sí 12, 4, 11 nìyẹn, tí àwọn ọmọ sì gba yàrá tó kéré.

Ohun tó tún pílánù yìí ṣe jù lọ kò ṣẹlẹ̀ lórí ìwé. Ní ọjọ́ Sátidé kan, a kó èkàn, okùn àti garawa eérú méjì lọ sórí ilẹ̀ náà, a sì fi eérú fa gbogbo ògiri sílẹ̀ bí mo ṣe yà á. Ibi tí ilẹ̀kùn wà, a kò da eérú síbẹ̀. Mo wá sọ fún gbogbo ilé pé kí wọ́n máa gbé inú rẹ̀.

Màmá ló kọ́kọ́ wọlé. “Ìyàwó mi, yàrá mi dà?” Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n dìde bí ẹni tó ń lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru. Mo rò pé mo ti sún un mọ́ wọn. Mo ka ìṣísẹ̀ wọn: 14, wọ́n sì yà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n dúró, wọ́n di ìbàdí mú. “Kí n tó débẹ̀, ilẹ̀ á ti mọ́.” Mo fi ẹsẹ̀ pa eérú ibẹ̀ rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tiwọn ti wà nínú yàrá wọn báyìí, ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3, torí ó lè di ọjọ́ kan kí ẹnìkan ní láti dì wọ́n mú wọlé. Wọ́n tún bèèrè ibi tí àwọn yóò ti máa rí ẹni tó ń wọlé. Mo gbé ọ̀kan nínú wíńdò kékeré iwájú sí yàrá wọn, kó wo géètì tààrà.

Nílé ìdáná, èmi gbé ìkòkò jáde, Tólú gbé garawa wọlé, a pàdé lẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀, a kọlu ara wa. Bí ilẹ̀kùn gidi bá wà níbẹ̀ ni, ti ilé ìdáná àti ti sítọ́ọ̀ ì bá máa gbá ara wọn. Mo yí ti sítọ́ọ̀ padà kó máa ṣí sínú. Nǹkan kékeré ni, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ì bá máa bí wa nínú.

Ọ̀rọ̀ omi ló gba àròjinlẹ̀ jù. Mo ti fi sókàwéè, ihò tí omi ìdọ̀tí ilé ń rì sí, síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá Màmá, mo fi kànga sẹ́yìn. Kí n tó fọwọ́ sí i, mo lọ kí àwọn aládùúgbò wa, mo sì bèèrè ibi tí kànga wọn wà. Iwájú ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wa! Ilẹ̀ yẹn sì tún ń dà gẹ̀ẹ́rẹ́ láti iwájú lọ sẹ́yìn, èyí tó túmọ̀ sí pé omi sókàwéè wa ì bá máa sàn lọ bá kànga tiwa náà. Mo pààrọ̀ wọn: kànga wa lọ sí igun iwájú lápá gúúsù, nítòsí tiwọn, sókàwéè lọ sí igun ẹ̀yìn lápá àríwá. Ẹsẹ̀ bàtà 100 ni wọ́n sábà máa ń ní kó wà láàárín méjèèjì. A wọ̀n ọ́n láti igun dé igun, téèpù ka 94, ilẹ̀ wa kò sì lè fún wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí èyí ni gbogbo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ilé ìdáná fi tò sí apá àríwá, kí páìpù kan ṣoṣo lè kó omi gbogbo wọn lọ sẹ́yìn láìyà kiri.

Nígbà tó tẹ́ mi lọ́rùn, a gbé e lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán ilé tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ARCON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ayàwòrán ilé sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ tirẹ̀ pọn dandan: àwòrán tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ yà lórí gíráàfù kì í ṣe èyí tí ìjọba ń fọwọ́ sí, èmi kò sì mọ irin tó yẹ kó wọ inú líńtẹ̀lì, kọnkéré tó ń gba orí ilẹ̀kùn àti wíńdò kọjá. Ó gbé wíńdò yàrá wa sí ibi tí atẹ́gùn yóò fi lè gba inú yàrá kọjá, ó fi ẹsẹ̀ bàtà kan kún etí páànù lápá gúúsù, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó bèèrè ẹni tó yà á. Bàbá Tólú ní, “Ìyàwó mi ni.”

Búlọ́ọ̀kù ti dé líńtẹ̀lì báyìí. Mo ti tún mú gíráàfù, ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì iná yóò wà ni mò ń yà, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ pọ́lásítà. Màmá ní kí n fi ọ̀kan sí ìsàlẹ̀ wíńdò tó wo géètì, níbi tí àwọn yóò gbé rédíò sí.