Ẹ Má Ṣe Báyìí Tí Ẹ Bá Fẹ́ Kí Excel Bí Ìjábọ̀ Tó Péye

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti oníṣòwò ní Òṣogbo ló ti ń kó orúkọ àti owó sínú Excel báyìí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ní kí ètò kọ̀ǹpútà máa fa ìjábọ̀ yọ láti inú fáìlì yẹn, bíi pé dátábéèsì (ètò tí wọ́n dìídì ṣe fún títo ìsọfúnni pamọ́) ni, ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Èèyàn á wo ìlà kan, á mọ ohun tí akọ̀wé ní lọ́kàn. Kọ̀ǹpútà ò mọ ohun tó wà lọ́kàn akọ̀wé.

Ẹ wo àròpọ̀ tí wọ́n máa ń tẹ̀ sáàárín orúkọ. Ẹnì kan san ₦40,000, ẹnì kejì san ₦60,000, akọ̀wé wá kọ "Àpapọ̀ ₦100,000" sí ìlà tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ìjábọ̀ bá jáde, ₦200,000 ló máa gbé wá, torí ó ka àpapọ̀ náà mọ́ owó tí wọ́n san. Ẹ jẹ́ kí ìjábọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe ìṣirò; kí síìtì dátà má ní ju ìlà kan lọ fún owó kan tí ẹnì kan san: ọjọ́, nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́, iye. Bákan náà, ẹ má pa àpótí pọ̀ (Merge) láti kọ "Ọjà Ìgbọ̀nà" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún èèyàn márùn-ún. Ẹni àkọ́kọ́ nìkan ni ọjà náà máa bọ́ sí lọ́wọ́, àwọn mẹ́rin yòókù á wà lófìfo. Àwọ̀ pupa tí ẹ fi ń dá onígbèsè mọ̀ kì í bá dátà wọlé rárá. Ẹ ṣí òpó kan fún un, kí ẹ kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ le jù. Akọ̀wé kan á kọ Osogbo, èkejì á kọ Oshogbo, ẹni tó mọ àmì ohùn á kọ Òṣogbo. Ìlú mẹ́ta nìyẹn nínú ìjábọ̀. Àyè òfìfo kan lẹ́yìn lẹ́tà tó kẹ́yìn tún tó láti dá ìlú kẹrin sílẹ̀, ojú ò sì ní rí i. Obìnrin tí wọ́n kọ ní Ìyá Sikiru lọ́dún tó kọjá, tó ti Mẹ́kà dé tó di Àlhájà, á di ọmọ ẹgbẹ́ méjì. Ẹ fún oníkálukú ní nọ́ńbà tí kò ní yí padà. Ní ti orúkọ ìlú àti ọjà, ẹ lo Data Validation, kí akọ̀wé máa mú un nínú àkójọ dípò kó máa tẹ̀ ẹ́.

Nọ́ńbà náà ní tiẹ̀. Excel máa ń gé òdo tó ṣáájú nọ́ńbà fóònù àti ti àkáǹtì dànù, nọ́ńbà tó bá sì ju díjíìtì 15 lọ, òdo ló máa fi rọ́pò ìyókù. Ẹ sọ òpó yẹn di Text, ìyẹn irú òpó tí Excel ń kà sí ọ̀rọ̀ lásán, kí ẹ tó tẹ ohunkóhun sí i. Ọjọ́ 03/04/2025 jẹ́ oṣù kẹrin lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò sí ti Amẹ́ríkà á kà á sí oṣù kẹta. Kò ní kìlọ̀ fún yín.

Fáìlì Excel àtijọ́, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń parí sí .xls, kì í gbà ju ìlà 65,536 lọ. Ní ọdún 2020, àkọsílẹ̀ 15,841 èèyàn tó ní kòrónà fò kúrò nínú ìjábọ̀ iléeṣẹ́ ìlera Gẹ̀ẹ́sì fún ọjọ́ díẹ̀ nítorí irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Ẹ fi fáìlì yín pamọ́ ní irú tuntun, .xlsx; ìlà 1,048,576 ló ń gbà.

Èyí tó kù ni ẹ̀dà tó ń kiri lórí WhatsApp: "Final", "Final 2", "Final tòótọ́". Kí fáìlì kan ṣoṣo wà níbi kan, kí ìjábọ̀ máa fà láti ibẹ̀ nìkan. Tí èèyàn bíi mẹ́ta bá ní láti máa kọ nǹkan sínú rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ kó o lọ sínú dátábéèsì gidi. PostgreSQL, ọ̀kan lára wọn, ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.