Ìrírí mi: bí mo ṣe wọn ilẹ̀ etídò kí n tó kọ́lé

Mo ní ilẹ̀ kan tó lọ kan odò. Ilé kékeré ni mo fẹ́ kọ́ sí i. Òfin ibẹ̀ ní ilé kò gbọdọ̀ sún mọ́ odò ju mítà 30 lọ, n kò sì gbọdọ̀ ṣán ìgbẹ́ tó wà láàárín. Ó rọrùn létí. Mo gbé téèpù, mo bẹ̀rẹ̀ láti etí omi, mo nà án gba orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ lọ sókè, mo kan èèkàn mẹ́rin, mo sì ránṣẹ́ pe òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ilẹ̀ etídò kó wá wò ó.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣìṣe níbi kan ṣoṣo yẹn.

"Ọ̀gá, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la wà," ni obìnrin náà wí. "Ibi tí omi wà lónìí kọ́ ni odò parí sí." Mo yára nàka sí igi ńlá kan lókè, tí koríko gbígbẹ àti ike há sí ẹ̀ka rẹ̀, mo ní ibẹ̀ ni omi dé nígbà kan. Ó mirí. "Ìyẹn, ẹ̀kún omi ẹ̀ẹ̀kan ni. Ibi tí omi máa ń dé léraléra là ń wá." Ó lóṣòó, ó ní kí n wo bèbè dáadáa. Nísàlẹ̀, ilẹ̀ ṣófo, omi sì ti fọ gbòǹgbò igi títí ó fi ń funfun. Bó ṣe kù díẹ̀ ká dé òkè bèbè ni koríko ilẹ̀ gbígbẹ bẹ̀rẹ̀, àwọ̀ òkúta náà sì yí padà bí ẹni fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sí i. Ààlà yẹn ni odò parí sí. Ó fi bíi mítà mẹ́rin jìnnà sí etí omi.

Ìkejì: ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ máa ń tan téèpù jẹ. Títẹ́jú là ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe bí ilẹ̀ ṣe ń sọ̀. A wá ń wọ̀n ọ́n díẹ̀díẹ̀: mo di téèpù mú kó dúró gbọọrọ, ó so òkúta mọ́ okùn kó lè mọ ibi tí orí téèpù bọ́ sí gan-an nílẹ̀. Mítà 30 tèmi kò ju 28 lọ. Mo hú èèkàn mi lọ sẹ́yìn, inú mi kò dùn. Ìgbà tó yá ni mo kà pé ní Bràsíl, òfin igbó ọdún 2012 béèrè mítà 30 létí odò tí kò fẹ̀ tó mítà 10, ó sì lè tó 500 bí odò bá fẹ̀ ju mítà 600 lọ. Mo dákẹ́ àròyé.

Àmọ́ mo ti ṣán apá kan ìgbẹ́ náà kó tó dé, torí mo fẹ́ máa rí omi láti ojú fèrèsé. Kò bá mi jà. Ó ní kí n dúró de òjò. Òjò rọ̀ lóòótọ́. Níbi tí mo ti ṣán, ọgbàrá pupa ń ru lọ sínú odò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí ìgbẹ́ ṣì wà, omi ń rọra jò gba àárín koríko, ẹrẹ̀ rẹ̀ ti kù sẹ́yìn. Ajílẹ̀ tí òjò bá wọ́ wá láti oko pẹ̀lú máa ń kù síbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò bọ́ ewédò títí yóò fi bo ojú omi. Mo ní ṣé kí n fi kọnkéré mọ ògiri síbẹ̀ ni? Ó ní rárá: ìgbì tó bá kọlu ògiri yóò ta padà, yóò gbẹ́ ìdí rẹ̀, yóò sì jẹ bèbè aládùúgbò.

Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan ni wọ́n gbà mí láyè rẹ̀, kó sì rí kọ́lọkọ̀lọ. Ọ̀nà tó bá lọ tààrà, gọ́tà ló máa dà.

Ìwé àṣẹ jáde lẹ́yìn tí mo gbà láti tún ibẹ̀ gbìn. Mo gé ogójì ẹ̀ka lára irú igi etídò tó máa ń hù láti ara ẹ̀ka, mo ri ìdá méjì nínú mẹ́ta gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́lẹ̀. Mọ́kànlá kò hù. Nígbà tí mo fà wọ́n tu, mẹ́jọ nínú wọn ló dorí kodò.