Báńdì blúùsì Chicago: àwọn àṣìṣe tó ba iṣẹ́ wọn jẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta gìtá tàbí tẹ́ ẹ ń lu ìlù lẹ́yìn ọ̀gá, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé tí iṣẹ́ olórin bá dojú rú, á jẹ́ pé kò mọ iṣẹ́ ọ̀hún dáadáa ni. Irọ́ ni jàre. Ẹ wo báńdì Muddy Waters, ọ̀gá olórin blúùsì, orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Muddy kúrò lóko òwú ní Mississippi, ó gba Chicago lọ lọ́dún 1943, àwọn tó wá kó jọ síbẹ̀, Little Walter tó ń fọn hàmóníkà, Jimmy Rogers tó ń ta gìtá, Otis Spann tó ń tẹ dùùrù, títí dòní olónìí àwo wọn làwọn tó ń kọ́ blúùsì fi ń kọ́ṣẹ́. Síbẹ̀ ìyà jẹ púpọ̀ nínú wọn, kì í sì í ṣe orin ló fà á.

Èyí tó burú jù ni ọ̀rọ̀ ìwé. Má fọwọ́ síwèé tó ò kà, má sì torí owó tó o máa ná tán lọ́sẹ̀ yìí gbé orin ẹ fún ẹnikẹ́ni. Leonard àti Phil Chess tí wọ́n ni Chess Records, táwọn olórin yìí ń ṣe àwo fún, àwọn náà àti Gene àti Harry Goodman ni wọ́n jọ dá ilé iṣẹ́ Arc Music sílẹ̀ lọ́dún 1953, Arc Music yìí ló wá ń gba owó tó tọ́ sí ẹni tó kọ orin. Wọ́n á tún ra mọ́tò tuntun fún olórin, Cadillac tó ń dán, gbogbo àdúgbò á bá a yọ̀, inú róyàlítì ẹ̀, ìyẹn owó tó tọ́ sí i lórí orin ẹ̀, náà ni wọ́n sì ti máa yọ owó mọ́tò yẹn. Willie Dixon tó ń ta béèsì ló kọ ọ̀pọ̀ nínú orin tí Muddy àti Howlin' Wolf, ọ̀gá báńdì blúùsì mìíì, fi gbajúmọ̀, àmọ́ ilé ẹjọ́ ló ti ní láti lọ jà fún owó iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Wolf pe Arc lẹ́jọ́ lọ́dún 1974, Dixon àti Muddy náà pè wọ́n lẹ́yìn ìyẹn. Báńdì Led Zeppelin ní Ìlú Ọba tún lo ọ̀rọ̀ orin Dixon nínú orin tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1969, ọdún 1985 ló tó pè wọ́n lẹ́jọ́, 1987 ni wọ́n tó yanjú ẹ̀, Dixon tí wọ́n bí lọ́dún 1915 o! Ẹ wo iye ọdún tí owó yẹn fi wà níta.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó kúrò ní stúdíò, ẹ mú bébà, ẹ kọ ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ orin, ẹni tó mú ohùn ẹ̀ wá, àti iye tó kan kálukú nínú ọgọ́rùn-ún, kí gbogbo yín sáìnì, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀ sórí fóònù. Má sọ pé "ọ̀rẹ́ mi ni, kò lè rẹ́ mi jẹ." Ní May 12, 1952, nígbà tí Muddy ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù, wọ́n ká ohùn kan sílẹ̀, ohùn tí báńdì náà máa ń fi parí show lálaalẹ́, kò lọ́rọ̀ nínú rárá, hàmóníkà ló ń darí ẹ̀. Gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń lò ó tẹ́lẹ̀, àmọ́ orúkọ Little Walter nìkan ni wọ́n kọ sórí àwo pé ó kọ ọ́ nígbà tó jáde, ó sì wà ní ipò kìíní fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lórí àtẹ R&B ti ìwé ìròyìn Billboard, ìyẹn àtẹ orin àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń tà jù.

Walter ò dúró pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ojú ìrìn àjò ní gúúsù ni wọ́n wà tó ti fi báńdì sílẹ̀ padà sí Chicago. Ibí yìí làwọn èèyàn ti máa ń ṣi ọ̀rọ̀ ẹ̀ gbé, wọ́n á ní kó má fi ọ̀gá ẹ̀ sílẹ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Kò lọ lọ́wọ́ òfo, báńdì Aces tí wọ́n ti jọ ń ṣeré tipẹ́ ló lọ gbà, Junior Wells tó ń fọn hàmóníkà fún wọn bọ́ sí ipò ẹ̀ lọ́dọ̀ Muddy, Walter sì tún ń wá fọn hàmóníkà sínú àwo Muddy fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àṣìṣe ibẹ̀ ni kéèyàn bínú jáde láì ní báńdì, láì ní show kan ṣoṣo nílẹ̀, kó tún bú ọ̀gá ẹ̀ níta kí ilẹ̀kùn lè tì pátápátá. James Cotton tó wá fọn hàmóníkà fún Muddy lọ́dún 1954 ò kánjú, 1966 ló tó lọ dá tiẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tó pa Walter lára ni ọtí àti ìjà. Ó kú ní February 1968 lẹ́yìn tó jà, ọmọ ọdún 37 péré. Ọtí ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń gbé fún yín níbi show kì í ṣe ọ̀fẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ báńdì, ẹ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ Otis Spann ló máa ń dùn mí jù, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ló pa á lọ́dún 1970, kò sì sí òkúta lórí sàréè ẹ̀ títí di 1999, àwọn tó fẹ́ràn orin ẹ̀ ló dáwó ẹ̀. Ẹni tó tẹ dùùrù bẹ́ẹ̀ yẹn!

Má sì gbára lé irinṣẹ́ kan ṣoṣo. Hàmóníkà ni Willie "Big Eyes" Smith ń fọn tẹ́lẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́ ló bọ́ sídìí ìlù, ìlù yẹn ló sì bá wọ báńdì Muddy. Gìtá ni Pinetop Perkins ń ta, nígbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gún un lápá, dùùrù ló gbájú mọ́. Àwọn méjèèjì jọ gba àmì ẹ̀yẹ Grammy lọ́dún 2011, Pinetop ti pé ọmọ ọdún 97 nígbà yẹn, Willie sì ti padà sídìí hàmóníkà ẹ̀.

Níní iṣẹ́ mìíì ò sì dójú tini. Jimmy Rogers ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ nígbà tó fi orin sílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù náà jóná nínú rògbòdìyàn 1968 lẹ́yìn tí wọ́n pa Martin Luther King, gìtá tó mọ̀ ọ́n ta ló tún padà sídìí ẹ̀. Kò ta iṣẹ́ àkọ́kọ́ nù torí èkejì.

Ẹ̀yin ọ̀gá báńdì náà, ẹ gbọ́. Howlin' Wolf ń san owó àwọn ọmọ ẹ̀ lásìkò, ó ń san owó Social Security wọn, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì ti ìjọba, ó tún ń san ti ìjọba tí wọ́n lè rí gbà tí kò bá síṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni tó ti dàgbà kó tó lọ kọ́ ìwé kíkà àti ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ àgbà ló ṣe ìyẹn, kí làwáwí tiwa? Hubert Sumlin tó ń ta gìtá fún un sá lọ bá Muddy fúngbà díẹ̀, ó padà, ó sì wà pẹ̀lú ẹ̀ títí Wolf fi kú lọ́dún 1976. Lọ́dọ̀ Muddy ńkọ́? Lẹ́yìn àwọn àwo tó ṣe pẹ̀lú Johnny Winter tó ń ta gìtá láti 1977, iṣẹ́ ń ya wọlé, àmọ́ ọ̀rọ̀ owó dá wàhálà sílẹ̀, lọ́dún 1980 Pinetop, Willie Smith, Calvin Jones àti Jerry Portnoy kúrò pọ̀, wọ́n lọ dá Legendary Blues Band sílẹ̀. Tí owó show bá ti gòkè, pe àwọn ọmọ ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó wọ bọ́ọ̀sì, sọ iye tó wọlé àti iye tó kàn wọ́n, kí ẹni tó bá fẹ́ lọ tètè lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta tíkẹ́ẹ̀tì.